Ọsàn Fìdítì, Aya Aṣáájú, àti Gbèsè Tí N Kò Mọ̀

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ojú ọ̀nà ni mo ti kọ́ ọ. Ìrìn-àjò náà kò jìnnà. Láti Ìbàdàn sí Ìlọrà ni, ibi tí ènìyàn lè lọ kí ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà náà ti ń dúró dè mí láti ọdún 28 sẹ́yìn.

Àwọn ìyá ìjọ kan ní Ìlọrà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní oṣù kọkànlá. Wọ́n ń ṣe àpèjọ ọlọ́dọọdún wọn, wọ́n sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí "Aya Aṣáájú". Ìyá tí ó kọ lẹ́tà náà fi gbólóhùn kan kún un tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pásítọ̀, a ti gbọ́ ti Sárà, a ti gbọ́ ti Rèbékà, a sì mọ Hánà dáadáa. Ẹ bá wa mú àwọn mìíràn wá pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ná owó, tí wọ́n san owó orí bíi tiwa."

Mo gbà. Mo jókòó ti ìwé fún alẹ́ mẹ́ta. Mo yan obìnrin mẹ́ta: méjì láti Amẹ́ríkà nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, àti ẹnìkan láti ilé wa níhìn-ín, Ìyá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, aya Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìpín kìn-ín-ní, ìpín kejì àti ìpín kẹta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo rò pé mo ti múra tán.

Ìyàwó mi bá mi lọ. Kì í sábà bá mi lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ Sátidé ni ọjà rẹ̀ máa ń yá jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ Ìlọrà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ó gba Fìdítì kọjá nìyẹn. Màá bá yín lọ." N kò bi í léèrè ìdí. Mo rò pé ọsàn ni ó fẹ́ rà.

ÌLÚ ỌLỌ́SÀN

A kúrò nílé ní aago méje àárọ̀. A kọjá Ọ̀jọ́ọ̀, a kọjá Mọ́níyà, a kọjá Akínyẹlé. Bí ilé ti ń dín kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni oko ń pọ̀ sí i: oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè, àti ọ̀pẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ọyẹ́ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ìrì ṣì wà lórí koríko.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó ti dé Fìdítì. Ọsàn ni yóò sọ fún un. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń tò ó sí, lórí tábìlì, nínú agbọ̀n àti nínú àpò, èyí tí awọ rẹ̀ ṣì tutù bí ewé àti èyí tí ó ti pọ́n. Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti mọ Fìdítì mọ́ ọsàn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o lọ sí ìlú ńlá, èrò tí ó sì ń lọ sí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin a máa na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀ láti rà á. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ni ìlú náà wà, pẹ̀lú Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀rín àti àwọn ìlú mìíràn. Jóbẹ̀lẹ̀ sì ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìlú àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ilé ìwé ṣeré.

Ìyàwó mi ní kí n dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọsàn tí ó wà níwájú wa. Ó rìn kọjá ìsọ̀ mẹ́rin, ó dúró níwájú ìyá àgbà kan tí ó jókòó lórí àpótí, ó sì kúnlẹ̀. Ìyá náà wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Àbí Ìyá Ìbejì mi nìyí? Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀!" Ó dìde, ó gbá a mọ́ra, omi sì bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Èmi dúró ti ọkọ̀ bí àlejò.

Ó yẹ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Ní ọdún 1995 ni mo fi iṣẹ́ oṣù mi sílẹ̀, mo sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ọdún mẹ́ta. Ìbejì wa kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ń ta ọsàn ní gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀ ní àkókò náà, ohun tí mo mọ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá wálé nígbà ìsinmi, oúnjẹ wà, àwọn ọmọ ń dàgbà, owó ilé ìwé mi sì ń pé. Mo máa ń jẹ́rìí nínú ìjọ pé Olúwa ń pèsè. Òtítọ́ ni, Olúwa ń pèsè. Ṣùgbọ́n n kò bèèrè rí pé ọwọ́ ta ni Ó ń gbà pèsè.

OHUN TÍ ÌYÁ ỌLỌ́SÀN SỌ

Nígbà tí ìyàwó mi fi mí hàn án, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ní, "Ẹ dìde, Pásítọ̀, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹ kàwé. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fi ka ìwé náà."

Ìyàwó mi ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

Ìyá náà ní, "Kí ló dé? Àgbà ni mí báyìí. Bí mo bá kú, ta ni yóò sọ ọ́?" Ó kọjú sí mi. "Ìdájí ni ìyàwó yín máa ń dé ibí, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó lè rí ọsàn tó dára mú. Á pọn Kẹ́hìndé, ọmọdébìnrin kan á bá a pọn Táyé. Ọjọ́ kan wà ní ọdún kejì yẹn tí òjò pa wọ́n. Ibà ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Mo ní kó padà sílé. Ó ní owó tó kù kí òun san fún ilé ìwé yín, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dá, pé bí kò bá pé, wọ́n á ní kí ẹ máa bọ̀ nílé. Ìgbà náà ló tú ọ̀rá kan, ó mú aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ jáde. Ó ní kí n rà á. Mi ò fẹ́ rà á, Pásítọ̀. Ó bẹ̀ mí kí n rà á."

Mo rántí aṣọ náà. Sányán ni, ìró àti ìborùn pẹ̀lú gèlè rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ hun fún un ní ìmúra ìgbéyàwó wa. Ní ọdún kan tí a fẹ́ lọ síbi ìnáwó, mo bi í léèrè pé aṣọ òkè rẹ̀ dà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni òun yá. N kò tún bi í mọ́.

Ìyá náà ní òun tọ́jú aṣọ náà fún ọdún mẹ́ta, bóyá ẹni tó ni ín yóò padà wá rà á. Nígbà tó yá, ọmọ òun obìnrin ń lọ sílé ọkọ, òun sì fi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ti gbó báyìí. Mi ò lè parọ́ fún yín."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi gbẹ. A ra àpò ọsàn kan, ìyá náà sì fi èènì mẹ́wàá lé e. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Jóbẹ̀lẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti sọ pé, "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó wo iwájú. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún yín nígbà náà, ẹ ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ sì jáde tán, ẹ ò bèèrè."

ÌLỌRÀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ ỌDÚN 1955

Bàbá kan nínú ìjọ ni ó gbà wá lálejò ní Ìlọrà. Ó fún wa ní omi, ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kalẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún wa. Ó sọ̀rọ̀ kan Fáàmù Sẹ́tílímẹ́ǹtì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ tẹ̀ dó sí Ìlọrà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí lè má mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba tí Olóyè Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Láàrin ọdún kan ṣoṣo, iye ọmọ ilé ìwé kúrò ní nǹkan bí 457,000, ó lé ní 811,000. Ìjọba sì rí i pé bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá jáde, kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò rí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n lọ wo bí àwọn ará Ísírẹ́lì ti ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé alájùmọ̀ṣe. Láti nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibùdó àgbẹ̀ dó káàkiri, nígbà tí Olóyè Akin Deko wà nídìí ètò ọ̀gbìn, kí ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé lè rí ilẹ̀ àti ilé gbà, kí ó sì máa san owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó yọrí bí wọ́n ti rò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò dúró, wọ́n gba ìlú ńlá lọ. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́ ní Ìlọrà.

Bàbá náà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun ní ọdún 1955, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nílé bàbá òun tí ó di kálámù mú. Ó fi ọwọ́ lu àyà. Ó ní, "Awólọ́wọ̀ ló rán mi nílé ìwé."

Ìyàwó mi, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí a ti jókòó, bèèrè pé, "Bàbá, ẹ má bínú o. Nígbà tó ń rán yín nílé ìwé, ta ló ń mójú tó àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ò ro ìyẹn rí." Èmi náà kò rò ó rí, èmi tí mo gbé ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

ÀWỌN OBÌNRIN AMẸ́RÍKÀ MÉJÌ

Nígbà tí wọ́n pè mí sórí pẹpẹ, mo pa ìwé tí mo kọ dé. Gbọ̀ngàn náà kún fún àwọn ìyá, àwọn ọkùnrin díẹ̀ sì jókòó lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Abigail Adams.

Ọmọ pásítọ̀ ni. Weymouth ní Massachusetts ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1744. Kò lọ sí ilé ìwé. Nílé ni ó ti kọ́ ìwé kíkà. Ní 1764 ó fẹ́ agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ John Adams. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìjọba ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìlú pe ọkọ rẹ̀ lọ sí àpèjọ ní Philadelphia ní 1774, ní 1778 sì ni ó rékọjá òkun lọ sí Faransé. Abigail ni ó kù nínú oko ní Braintree. Òun ni ó ń gba alágbàṣe, òun ni ó ń san owó orí, òun ni ó ń ta ọjà tí ọkọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, òun náà ni ó sì ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ní 1776, nígbà tí ìgbóná ń jà, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Boston láti gba àjẹsára, èyí tí ó léwu gan-an ní ayé ìgbà náà. Ọkọ kò sí nílé. Ní 1777 ó bí ọmọbìnrin kan, òkú ni ó bí i. Ọkọ kò sí nílé.

Àwọn méjèèjì ń kọ lẹ́tà síra wọn. Èyí tí ó ṣì wà nípamọ́ lé ní 1,100. Nínú ọ̀kan tí ó kọ ní oṣù kẹta 1776, ó rán ọkọ rẹ̀ létí pé bí wọ́n bá ń ṣe òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè náà, kí wọ́n má gbàgbé àwọn obìnrin. Ọdún 1784 ni ó tó rékọjá òkun lọ bá a. Ní 1797 ọkọ rẹ̀ di ààrẹ kejì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ilé ààrẹ tuntun ní Washington ní 1800, wọn kò tíì kọ́ ilé náà tán, nínú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ni Abigail sì ń sá aṣọ sí. Nígbà tí mo sọ èyí, àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹnìkan ní, "Aya ààrẹ náà ń fọṣọ!"

Mo wá sọ ti ẹnìkejì, Deborah, aya Benjamin Franklin, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró. Deborah ni ó ń dúró ti ṣọ́ọ̀bù àti ìṣírò owó wọn ní Philadelphia. Ẹ̀rù òkun ń bà á, kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1757 iṣẹ́ ìlú gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí London, ó sì pẹ́ tó ọdún márùn-ún kí ó tó padà. Ní 1764 ó tún lọ. Lọ́dún kejì, inú bí àwọn ará ìlú nítorí owó òntẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa gbà, àwọn kan sì fẹ́ wá kọ lu ilé Franklin. Wọ́n ní kí Deborah sá. Ó kọ̀. Ó pe àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ṣọ́ ilé náà. Nígbà tí ó yá, àìsàn kọ lù ú, ara rẹ̀ kò tún le mọ́. Ó ń kọ̀wé pé kí ọkọ òun máa bọ̀. Ọkọ ń dáhùn pé òun ń bọ̀. Ní oṣù kejìlá 1774 Deborah kú. Ọdún 1775 ni ọkọ rẹ̀ tó padà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọn kò fi fojú kan ara wọn.

Franklin wúlò fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ̀rọ̀ náà, mo ń wo ìyàwó mi ní ìjókòó iwájú, mo sì ń ronú pé ọkùnrin kan lè wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú aya rẹ̀ fún ọdún 28, kí ó máà tíì padà dé.

ÌYÁ ÌKẸ́NNẸ́

Mo wá dé ilé wa. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 1915 ni wọ́n bí Hannah Ìdòwú Dídéolú ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 1937, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ni ó fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ má rò pé olówó ni ó fẹ́. Ọkùnrin tí ó ń gbìyànjú òwò ni, gbèsè sì bá a fínra. Ní 1944 ọkọ rẹ̀ lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Aya rẹ̀ ni ó kù nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí ó ń ṣòwò.

Òwò náà gbèrú. Ó di oníṣòwò aṣọ pàtàkì, ní 1957 sì ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company gbà ní alágbàtà. Nígbà tí mo sọ èyí, mo rí i tí àwọn ìyá kan wo ara wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ pé a kì í mu sìgá. Bí ìtàn rẹ̀ ti rí ni mo ń sọ, n kò bù ú, n kò sì fi kún un." Ọkọ rẹ̀ di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ṣùgbọ́n kò torí pé òun jẹ́ aya olórí kí ó kó ọjà nílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí ipò náà kò ní sí mọ́.

Ní 1962 ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fẹ̀sùn kan Olóyè Awólọ́wọ̀ pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù keje 1963, nígbà tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, tí òun náà jẹ́ agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n ju ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì gbé e lọ sí Kàlàbá. Ẹ gbé e wò, ẹ̀yin ìyá. Láàrin oṣù mẹ́ta, ó pàdánù ọmọ, ó pàdánù ọkọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò jókòó sínú ilé sunkún nìkan. Ó jáde bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nígbà ìpolongo ìbò 1964, kí ẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ má baà túká. Ní oṣù kẹjọ 1966 ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon dá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1979 àti 1983, nígbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ du ipò ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì wọlé, ó bá a rìn káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ọkọ rẹ̀ papò dà ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1987. Ó lo ọdún 28 lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí opó. Òun ni ó di alága ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1949. Ó tún sin ọmọ méjì sí i, Ayọ̀délé ní 2011 àti Olúwọlé ní 2013. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2015 ni òun náà sùn. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ni wọ́n sin ín, ọjọ́ tí ì bá pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Mo ní ohun kan wà tí ó mú kí ìtàn yìí yàtọ̀ sí ti Deborah. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1960, Olóyè Awólọ́wọ̀ ka aya rẹ̀ mọ́ ohun mẹ́ta tí ó gbé òun dé ibi tí òun dé, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run sì ni èkínní nínú wọn. Ó fi í wé ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye tí ẹnikẹ́ni kò lè díye lé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òwe orí 31 mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ẹ sì kíyè sí i: ó sọ ọ́ nígbà tí obìnrin náà ṣì wà láàyè, nígbà tí etí rẹ̀ lè gbọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ ÀWỌN ÌYÁ ÌLỌRÀ

Nígbà tí mo sọ èyí tán, n kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, mo lọ dúró ti ìyàwó mi, mo sì sọ ìtàn aṣọ òkè náà níwájú gbogbo ìjọ. Mo ní, "Ẹ̀rí tí mo ti ń jẹ́ láti ọdún yìí wá kò pé. Olúwa ni ó pèsè, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yìí ni Ó gbà. N kò bèèrè. Mo tọrọ àforíjì." Ìyàwó mi fi gèlè nu ojú. Kò sọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ìyá kan dìde láàrin ìjókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, ọkọ tèmi kì í ṣe Awólọ́wọ̀, kì í sì í ṣe pásítọ̀. Awakọ̀ ni. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?" Mo ní ó kàn án. Bí awakọ̀ bá lọ sí òkè Ọya fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnìkan ni ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ní alẹ́, ẹnìkan ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ohun tí ẹni náà ń ṣe kò kéré nítorí pé ìwé ìròyìn kò kọ ọ́.

Ẹlòmíràn dìde. Ọ̀dọ́ ni, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bí ọkọ kò bá wá bèèrè títí ayé ńkọ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Ẹ̀yin ará, n kò fẹ́ parọ́ fún un. Mo ní Olúwa rí i, ìyẹn sì dá mi lójú. Ṣùgbọ́n mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe àwáwí fún àwa ọkùnrin. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe bíi ti ìyàwó mi pátápátá, kí ó máa sọ ọ́ jáde nígbà tí ẹrù náà bá wúwo. Ìyàwó mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì kọjú sí àwọn ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn, mo sọ ohun mẹ́ta fún wọn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Èkínní, ẹ bèèrè. Ẹ jókòó ti aya yín ní alẹ́ kan, kí ẹ bi í pé ní ọdún tí nǹkan le fún wa, kí ni o tà? Lọ́wọ́ ta ni o ti yáwó? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí yóò fi parí.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ yóò rò pé bàbá nìkan ni ó kọ́ ilé.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú ìwé. Bí ẹ bá jùmọ̀ ra ilẹ̀, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé ilẹ̀ náà. Mo ti rí opó tí wọ́n lé jáde nínú ilé tí ó fi owó ọjà rẹ̀ kọ́. Ọpẹ́ ẹnu dára, ṣùgbọ́n kò lè dúró níwájú ẹbí ọkọ ní ọjọ́ ọ̀fọ̀.

A PADÀ SÍLÉ

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a tún dé Fìdítì. Ìyá ọlọ́sàn ti palẹ̀ mọ́, ó ti lọ sílé. Àpótí rẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Mo mú ọsàn kan nínú àpò, mo yá abẹ lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan tí ń tajà nítòsí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o fún ìyàwó mi. Mo ti fi abẹ gé ọsàn náà níbi mẹ́ta, omi rẹ̀ sì ń ṣàn sí mi lọ́wọ́, kí ó tó gba abẹ náà. Ó bó ọsàn kejì láti òkè dé ìsàlẹ̀, awọ rẹ̀ kò já. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò lè rí i tà ní Ọ̀jọ́ọ̀ báyìí." A rẹ́rìn-ín. A jókòó sínú ọkọ̀, a mu ọsàn náà tán kí a tó máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wá aláṣọ òkè kan rí. Mo ní kí ó hun sányán fún mi, ìró àti ìborùn pẹ̀lú gèlè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ̀ hun. Ìyẹn ti gbó lára ọmọ ẹlòmíràn, n kò sì lè rí i rà mọ́. Mo sì gbé ìwé ilẹ̀ ilé wa lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará mi, alẹ́ òní kò tíì lọ. Ẹ bèèrè. Kí Olúwa bùkún ilé yín, kí Ó sì jẹ́ kí a mọ rírì ara wa nígbà tí etí ṣì lè gbọ́ ọ. Àmín.